Bí Iná Ọba Bá Lọ, Ṣé Wáyà Ti Kú?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni fáànù kékeré tí ó ń fa ooru jáde ní balùwẹ̀ wa ní Ọ̀yọ́ dákẹ́. Balùwẹ̀ ọ̀hún kò ní fèrèsé. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èbu dúdú fi bo igun àjà, tí ọ̀dà ògiri sì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Mo ra òmíràn lọ́jà. Ìbátan wa kan ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fóltì 120 ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa níhìn-ín jẹ́ 230, jíjó ni ìbá jó.

Bàbá oníṣẹ́ iná tí mo pè kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan fáànù. Ó ki tẹ́sítà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí iná wà nínú rẹ̀, ó tàn. Lẹ́yìn náà ni ó pa bírékà, tí ó wá fi tẹ́sítà kan wáyà fáànù. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

“Ìyá mi, tẹ́sítà tí ó ti bàjẹ́ kì í tàn. Ẹni tí kò bá dán an wò yóò rò pé wáyà ni ó kú.”

Ó tún rí ohun kan tí ó mú mi gbọ̀n. Orí wáyà tí iná ń gbà padà ni ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe iná ilé wa so súwíìsì mọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, fáànù yóò dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú balùwẹ̀ o, níbi tí ara ti ń tutù! Ó tún un ṣe. Ó ní kí n má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà: ní ilé àtijọ́, pupa ni ó ń gbé iná wá, dúdú ni ti ìpadà, ní ilé tuntun, búráùn àti búlúù ni. Ilé tí a ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì lè ní gbogbo wọn.

Ní oṣù kejì, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní LAUTECH lórí àga ní balùwẹ̀. Fáànù tiwọn ni ó fẹ́ pààrọ̀. Ó ń fi eyín bó wáyà.

“Ṣé o ti pa bírékà?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Iná ò sí láti àná.”

Mo ní kí ó sọ̀kalẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, ìyá rẹ̀ náà sì ní ẹ̀rù mi ti pọ̀ jù. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo sì lọ pa bírékà fúnra mi. Kò sí iná tí a lè fi dán tẹ́sítà wò. Bírékà nìkan ni a gbára lé.

Ó ti so wáyà kan, ó di èkejì mú ní ìhòòhò láàárín ìka méjì, ni àwọn ọmọdé fi hó ní ìta: “Ọ́ọ̀pù NEPA!” Iná tàn ní ilé kejì. Tiwa ṣókùnkùn.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ó rọra fi wáyà sílẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí korobá tí a dojú rẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. “Àbúrò mi,” ni ó wí níkẹyìn, “jọ̀wọ́, bá mi wo ti balùwẹ̀ àlejò náà kí o tó lọ.”