Àgbàrá Ń Kọjá, Kò Kí Ọba



Ní 1998, ilé-iṣẹ́ Celador gbé eré ìdíje “Who Wants to Be a Millionaire?” jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin, owó tó ń gòkè: ìlànà yìí di ọjà tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Nígbà tí Celador pe Disney lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí èrè eré náà, owó tí ilé-ẹjọ́ dá fún un ní 2010 lé ní mílíọ̀nù 260 dọ́là. Ẹni tó mọ iyì ohun tirẹ̀ nìyẹn.

Ní 2004, ilé-iṣẹ́ Ultima ti Fẹ́mi Ayéni mú eré náà wọ Nàìjíríà. MTN ṣe onígbọ̀wọ́, Frank Edoho ń bi ìbéèrè. Ó kógbá wọlé ní 2017, ó sì tún padà ní 2022. N kò bá Ultima jà. Iṣẹ́ wọn dára. Ohun tó ń dùn mí ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bi ìbéèrè. Ìyá aláta ní ọjà Owódé Ẹ̀gbá, tó ń fi orí ṣírò owó, tó mọ ìtàn ìlú, kò lè jókòó sórí àga yẹn.

Àwọn kan ní Yorùbá kò bá ìdíje mu. Irọ́ ni! Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, ta ló ń pe “Àlọ́ o!” tí a ń dáhùn “Ààlọ̀!” lábẹ́ òṣùpá? Ìbéèrè wà níbẹ̀, ìdáhùn wà, òǹwòran wà, olúborí náà wà.

Wọ́n tún ní kò ní rí òǹwòran. Ẹ wo Masoyinbo tí Ọlálékan Fabilọ́lá ń ṣe lórí YouTube: ẹni tó bá wá kópa gbọ́dọ̀ sọ Yorùbá láìfi Gẹ̀ẹ́sì lù ú. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń kọ́gbọ́n. Kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ olówó kò ṣe irú rẹ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba àlọ́ àpamọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà yín. Ẹ fi ṣe ìdíje ní ilé-ẹ̀kọ́ àti lórí rédíò.

Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba? Àgbàrá òjò ni. Eré àjèjì ń ṣàn kọjá lójúde wa. Àwa ni kò jẹ́ kó kí wa ní èdè wa.

Ire o.