Ẹni Tó Gbé Ọ̀kadà Rẹ̀ Wọ̀lú Kì Í Ṣe Ọ̀daràn

Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn agbófinró ìpínlẹ̀ Èkó dá ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró. Láti ìpínlẹ̀ Jigawa ni ọkọ̀ náà ti wá. Ènìyàn 123 àti ọ̀kadà 48 ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Kíá ni ìròyìn ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan pé àwọn afẹ̀míṣòfò ti wọ Èkó. Àwọn agbófinró tú ẹrù wọn yẹ̀ wò, wọn kò rí ohun ìjà, wọ́n sì dá wọn sílẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn yẹn. Bí ó bá rí báyìí fún ẹni tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, kí ni kí ẹni tó ré ẹnubodè kọjá láti Niger, Benin tàbí Tógò máa retí? Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe kò ju pé ó ń ṣí lọ sí ibòmíràn, ó sì gbé ohun tó fi ń jẹun dání. Àgbẹ̀ tó ń ṣí lọ a máa gbé ọkọ́ àti àdá rẹ̀. Aránṣọ a máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń tìtorí ìyẹn pe ọlọ́pàá sí wọn. Kí ló wá dé tí ọ̀kadà nìkan fi di ẹ̀rí ìwà ọ̀daràn?

Bí ibì kan bá wà ní Èkó tó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé, Ìdó ni. Àárín erékùṣù Èkó àti Ẹ̀búté Mẹ́tà ni Ìdó wà. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ọdún 1901 yìí kan náà ni wọ́n ṣí Afárá Carter tó so Ìdó mọ́ erékùṣù Èkó. Nígbà tó yá, ojú irin dé Kano. Láti ìgbà náà ni Ìdó ti di ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọ Èkó. Títí di òní, àwọn ọkọ̀ èrò ńláńlá láti Òkè Ọya ṣì ń já èrò àti ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ní Ìdó láti ìgbà yẹn wá ni, ta ni ì bá kọ́ Èkó? Ta ni ì bá ru ẹrù inú ọjà rẹ̀?

Àmọ́ òfin ọjọ́ òní ti yí Ìdó ká. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Apápá, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Lagos Island àti Lagos Mainland. Inú Lagos Mainland ni Ìdó wà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún mú òfin náà le sí i. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Koṣọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin kún un, ó sì di mẹ́wàá. Ẹni tó bá sọ ọ̀kadà rẹ̀ kalẹ̀ ní Ìdó, tó sì gùn ún jáde, ti rú òfin kó tó mọ̀ pé òfin wà.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òfin náà kò nídìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àwọn ọlọ́kadà kan lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan pa ní Lẹ́kí, wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀. Ìwà ìkà tí kò ní àwáwí ni. Àwọn tí jàǹbá ọ̀kadà sọ di aláàbọ̀ ara kò kéré. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti sọ irú ohun tó lè rìn lójú títì rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí wọ́n kó ọ̀kadà tó lé ní 2,000 jọ ní oṣù kẹfà ọdún náà, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ńlá fọ́ wọn túútúú lójú gbogbo ayé. Irin tí wọ́n ti fọ́ kò lè sọ ẹni tó ni ín mọ́. Kò lè sọ pé ọwọ́ ọ̀daràn lòun ti bọ́, kò sì lè sọ pé àlejò kan ló ta màlúù bàbá rẹ̀ láti fi ra òun. Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àbùkù tó tóbi jù kò sí lórí títì Èkó rárá. Inú ìwé àdéhùn tí àwọn olórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ló wà. Ní ọdún 1979, ní Dakar, àjọ ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn lílọ-bíbọ̀ láìsí ìdíwọ́. Àdéhùn náà gbà pé ènìyàn lè gbé ohun ìrìnnà ara rẹ̀ kọjá ẹnubodè, bí ó bá ní ìwé-àṣẹ ìwakọ̀, ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ín, ìwé adójútòfò àti ìwé àwọn aṣọ́bodè. Ọjọ́ 90 péré ni ọkọ̀ àdáni lè lò. Èyí tí wọ́n fi ń ṣòwò kò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 15 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ṣòwò nínú ìlú tó wọ̀. Ní ọdún 1986, àjọ náà fi ẹ̀tọ́ láti máa gbé àti láti ṣiṣẹ́ kún un. Ní ọdún 1990, ó fi ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀ kún un.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ènìyàn lè wá, ó lè fìdí kalẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́, ó lè dá òwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n alùpùpù tó gbé e wá, ọjọ́ 90 ni tirẹ̀. Wọ́n kọ òfin ọkọ̀ fún ẹni tó wá kí ni, wọ́n kọ òfin ènìyàn fún ẹni tó wá gbé, kò sì sẹ́ni tó padà lọ so méjèèjì pọ̀ láti ìgbà náà. Niger, Mali àti Burkina Faso sì ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ọmọ Niger tó ń bọ̀ ní Ìdó kò tilẹ̀ mọ èwo nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí ni yóò ṣẹ́ kù fún un lọ́la.

Ẹni tó bá rò pé nǹkan tí kò ṣeé ṣe ni wọ́n ń béèrè, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Yorùbá ń rọ́ lọ. Òfin wọn gbà pé ẹni tó ń ṣí wá gbé, tó ti gbé òkè òkun fún oṣù 12 ó kéré tán, lè kó ẹrù rẹ̀ wọlé láìsan owó ibodè. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti alùpùpù tó ń lò fún ara rẹ̀ wà lára ẹrù náà. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kó ti lò ó fún oṣù mẹ́fà, kó sì má tà á tàbí kó fi rẹ́ńtì láàrin oṣù 12 àkọ́kọ́. Òfin náà kò wà fún ọkọ̀ òwò, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Olúwarẹ̀ mọ ohun tó lè gbé àti ohun tó ní láti fi sílẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìlú tó le ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ òfin rẹ̀ fún àlejò kí àlejò tó gbéra.

Ohun tó yẹ kí Àbújá àti Èkó ṣe kò ju agbára wọn lọ. Kí àwọn aṣọ́bodè fún ẹni tó bá gbé alùpùpù wọlé ní ìwé kan ṣoṣo, ní èdè Haúsá, Faransé àti Yorùbá, tí yóò sọ iye ọjọ́ tó ní, ibi tí kò gbọ́dọ̀ gùn ún dé àti ohun tó lè ṣe bí ó bá fẹ́ dúró. Kí ọ̀nà kan wà tí ẹni tó bá ti ń gbé ìlú lábẹ́ òfin lè gbà san owó ibodè díẹ̀díẹ̀, kí ó sì forúkọ alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀. Ní Ìdó fúnra rẹ̀, kí ọ́fíìsì kékeré kan wà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, tí wọn yóò ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ sílẹ̀, tí onítọ̀hún yóò sì ti yàn bóyá ibi tí òfin ti gba ọ̀kadà láàyè ló ń gbé e lọ, tàbí kó dá a padà. Bí wọ́n bá sì mú alùpùpù ẹni tó ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e, kí wọ́n má fọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ kí ọ̀daràn rí ọ̀nà wọlé. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Ọ̀daràn kì í fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Alùpùpù tí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnubodè àti ní Ìdó ni ọlọ́pàá lè tọpasẹ̀ rẹ̀. Èyí tó gba inú igbó wọlé nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn tó ṣí fún un ni kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà.

Àwọn tó ń gbé alùpùpù wọlé náà ní ẹjọ́ tiwọn. Àlejò tó wọ ìlú láìní ìwé-àṣẹ, tí kò mọ òfin ojú pópó, tó gbé èrò mẹ́ta lẹ́yìn, tó gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti onílé ta tẹ́tẹ́. Ìlú tó gba àlejò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí àlejò bọ̀wọ̀ fún òfin. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò sọ fún ẹni tó dé kò yàtọ̀ sí pàkúté.

Lọ́la, ọkọ̀ mìíràn yóò tún dé sí Ìdó, wọn yóò sì já alùpùpù kan sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Ẹni tó ni ín yóò nu eruku ara rẹ̀, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì. Ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò sọ fún un ibi tí ọ̀nà gbà, kí àwọn tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tó dé.