Kí ló dé tí títún Linux ṣe kò fi dí ihò inú sọ́fítíwíà Java?

Àṣírí ihò kan tú nínú Log4j lọ́jọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 2021. Àkójọ kóòdù kékeré ni Log4j, tí àìmọye sọ́fítíwíà tí wọ́n fi èdè Java kọ máa ń lò láti ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń lọ nínú wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀daràn orí ayélujára fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò náà kiri lórí àwọn sáfà jákèjádò àgbáyé. Linux ni ọ̀pọ̀ sáfà wọ̀nyí ń lò, àṣẹ kan ṣoṣo tí alábòójútó máa ń pa fún Linux pé kó gba àtúnṣe ààbò sì ti yanjú irú wàhálà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, àṣẹ náà kò tó.

Lórí Linux, ojú kan ni àwọn àkójọ kóòdù tí sọ́fítíwíà jọ ń lò máa ń wà. Bí alábòójútó bá pààrọ̀ OpenSSL, fún àpẹẹrẹ, tó sì tún àwọn sọ́fítíwíà tó ń lò ó tàn, tuntun ni gbogbo wọn á máa lò. Ó dà bí agbo ilé tí gbogbo ayálégbé ti ń pọn omi nínú kànga kan: bí onílé bá ti fọ kànga, omi gbogbo wọn ti mọ́ nìyẹn. Java kì í ṣe irú ayálégbé bẹ́ẹ̀. Àmù tirẹ̀ ló máa ń gbé wọ yàrá. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà Java á di gbogbo àkójọ kóòdù tó nílò pọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì JAR, nígbà mìíràn JAR á tún wà nínú JAR. Ẹrù dídì ni Linux ka fáìlì náà sí, kì í tú u wò. Onílé lè fọ kànga lójoojúmọ́, omi àná ṣì wà nínú àmù.

Kì í ṣe àìbìkítà ló bí àṣà yìí. Láti ọdún 1995 tí iléeṣẹ́ Sun Microsystems ti gbé Java jáde ni wọ́n ti ṣèlérí pé sọ́fítíwíà Java kan náà yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yòówù. Báńkì tí sọ́fítíwíà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lónìí kò fẹ́ kí àtúnṣe kan tó wọlé lóru dá a dúró lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé omi tirẹ̀ wọlé ló ni wàhálà fífọ àmù.

Ewu Log4j kì í ṣe kékeré. Bí ọ̀rọ̀ tí ọ̀daràn dọ́gbọ́n sí bá wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀, bóyá láti inú àpótí tí ènìyàn ń tẹ orúkọ sí, Log4j á lọ mú kóòdù wá láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀daràn náà, á sì jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán an. Máàkì 10 nínú 10 ni wọ́n fún un lórí òṣùwọ̀n ewu. Kí oṣù náà tó parí, ẹ̀dà àtúnṣe mẹ́rin ti jáde, láti 2.15.0 títí dé 2.17.1, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń dí ihò kan ni òmíràn ń yọjú. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lábẹ́ àjọ Apache Software Foundation ló ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn tó ní iṣẹ́ oòjọ́ tiwọn lọ́tọ̀. Iléeṣẹ́ ètò ààbò orílẹ̀-èdè Belgium wà lára àwọn tí ìkọlù náà kàn.

Síbẹ̀, dídí ihò kọ́ ló le jù, bí kò ṣe mímọ ibi tó wà. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ààbò orí ayélujára ní Amẹ́ríkà sọ lóṣù Keje ọdún 2022 pé iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ṣoṣo lo wákàtí 33,000 lórí ọ̀rọ̀ Log4j, àti pé ẹ̀dà tó níhò lè wà nínú àwọn ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Lóṣù Kẹta ọdún 2017 ni àtúnṣe Struts, àkójọ kóòdù Java mìíràn, jáde. Equifax wá Struts lórí ẹ̀rọ rẹ̀, kò rí i. Àwọn ọ̀daràn rí i, ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Fún iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, Benin tàbí Ghana tó ra sọ́fítíwíà ní òkèèrè, ìṣòro náà tún le sí i. Ó sábà máa ń ṣòro fún un láti fúnra rẹ̀ tú ẹrù náà, ẹni tó tà á fún un ló sì sábà máa ń dúró dè. Àwọn mìíràn ṣì wà lórí CentOS 7, ẹ̀dà Linux tí àtúnṣe rẹ̀ dópin lọ́jọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 2024. Lọ́dọ̀ irú wọn, kànga pàápàá ti dọ̀tí.

Òfin tuntun ti ń bọ̀ ní Yúróòpù. Láti ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 2027, ẹni tó bá ṣe sọ́fítíwíà fún títà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn àkójọ kóòdù tó dì sínú rẹ̀. Òfin náà kò de ọjà tí wọ́n bá tà ní Èkó tàbí Cotonou. Níbẹ̀, àfi kí ẹni tó ń rà béèrè àkọsílẹ̀ náà nínú ìwé àdéhùn, kó tó sanwó.