Volant moteur fífúyẹ́ kò yẹ ọkọ̀ èrò tó ti dàgbà
Ẹ̀yin tó ń fi Peugeot 504 kó èrò àti iṣu láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kútọnu, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé volant moteur rẹ̀ lọ fá kí ọkọ̀ lè yára, ẹ má gbà. Láti 1968 tí 504 ti jáde, ẹrù tó ń rù ló mú wa fẹ́ràn rẹ̀.

Irin rìbìtì yẹn wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti embrayage. Ìwúwo rẹ̀ ló ń tọ́jú agbára yíyí, tí ẹ́ńjìnnì kì í fi í kú nígbà tí ọkọ̀ tó kún bá fẹ́ gbéra lórí òkè. Bí ó bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì á tètè ké lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí agbára kankan tó kún un. Ọkọ̀ ìdíje ló yẹ. Ìyẹn kì í dúró gbé èrò ní gbogbo oríta.

Fífá yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Irin tí wọ́n fá jù lè fọ́ lórí eré, ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ẹ fi owó náà ra disque, plateau àti butée pọ̀, torí gíà kan náà ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n yẹ ojú volant wò. Bí ó bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì ra plateau líle ti ìdíje: ẹsẹ̀ òsì yín ni yóò jìyà rẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Dantokpa.