Amúkùn-ún Inú Òwe àti Amúkùn-ún Inú Fíìmù

Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ òwe amúkùn-ún tí wọ́n sọ fún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, tí ó sì dá wọn lóhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbé òwe yìí yẹ̀ wò yóò rí i pé amúkùn-ún inú rẹ̀ kì í ṣe alágbe. Ẹrù ni ó rù. Ó ń ti ibìkan bọ̀, ó sì ń lọ sí ibìkan. Nígbà tí wọ́n sì bá a wí, kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fèsì, èsì náà sì mọ́gbọ́n dání ju ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bá a wí lọ.

Ibi tí amúkùn-ún yìí wọlé sí lóde òní ni ó ń kọ ni lóminú. Láti ayé fọ́ńrán fídíò títí di òní tí YouTube ti gba ọjà fíìmù Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n kí òǹwòran tó rí amúkùn-ún tí ó ru ẹrù tirẹ̀, tí ó sì ń fèsì. Ohun tí ó ń rí ni abuké tí àwọn olóògùn owó ń dọdẹ. Ìyálé òṣìkà tí ojú rẹ̀ fọ́ ní ìparí eré kí ó lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọkùnrin tí àjẹ́ ìdílé baba rẹ̀ rọ lẹ́sẹ̀. Adití tí àṣìgbọ́ rẹ̀ ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Afọ́jú tí ó jókòó pẹ̀lú igbá sí ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Bí afọ́jú kan bá sì jẹ́ ènìyàn rere nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ yóò là kí eré tó parí, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí Ọlọ́hun lè gbà ṣe é lóore. Ọmọdébìnrin afọ́jú tí ó ń gbọ́ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ ilé wọn kò rí ara rẹ̀ nínú òṣìkà tí ojú rẹ̀ fọ́, kò sì rí ara rẹ̀ nínú ẹni rere tí ojú rẹ̀ là.

Àwọn kan yóò sọ pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ abuké. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìròyìn ti jáde ní Nàìjíríà nípa abuké tí wọ́n pa nítorí iké ẹ̀yìn rẹ̀. Òǹkọ̀wé fíìmù a máa gbèjà ara rẹ̀ pé òun kò yin apànìyàn, pé apànìyàn náà ya wèrè ní ìparí eré, pé àwọn ọlọ́pàá mú un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó ya wèrè, owó ti ń tú jáde nínú igbá, ó ti kọ́lé, ó ti ra mọ́tò. Eré náà ti jẹ́rìí pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, pé iké ẹ̀yìn ènìyàn tó owó. Ìjìyà ìparí nìkan ni ó fi kún un. Ọ̀dọ́ tí ebi owó ń pa lè gba ẹ̀rí àkọ́kọ́ gbọ́, kí ó sì rò pé òun yóò gbọ́n ju ẹni tí wọ́n mú lọ. Irọ́ ni oògùn owó, irọ́ náà ni ó sì yẹ kí eré tú fó.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àjẹ́ tí ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá ni ó ń gbà dé ẹnu ọmọ, ẹ̀kán oògùn àjẹsára ní ẹnu ni ó sì ń dènà rẹ̀. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá Nàìjíríà, Kano pẹ̀lú wọn, dá àjẹsára náà dúró nítorí ìfura, ó sì dùn ni pé àwọn olórí ẹ̀sìn wà lára àwọn tí ó tan ìfura náà kálẹ̀. Kòkòrò náà ti Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kẹjọ 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀ tí ó máa ń ti ara rẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó ń fi ọwọ́ rìn ní ìgboro lónìí, kòkòrò yìí ni ó gba ẹsẹ̀ wọn. Eré tí ó ń nàka sí ìyá àgbà kan ní ẹ̀yìnkùlé fi àbùkù kan ẹni méjì: arọ náà, àti ìyá àgbà.

Àwọn baba ńlá Yorùbá a máa pe afín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, nítorí ìtàn tí ó sọ pé Ọbàtálá mọ wọ́n nígbà tí ẹmu ń pa á. Kò sí Mùsùlùmí tí ó gba ìtàn yìí. Síbẹ̀, ìgbà mélòó ni wọn kò tíì gbọ́ ọ nínú mọ́sálásí pé ẹ̀ṣẹ̀ òbí ni ó fọ́ ọmọ lójú? Wọ́n lé òrìṣà jáde, wọ́n sì fi ẹ̀bi dí àyè rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí gbogbo àfáà ń sọ, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ tán. Ìtàn Abdullah ọmọ Umm Maktum ni, sàhábà tí ojú rẹ̀ fọ́. Wọ́n a máa sọ bí ó ti wá bá Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí ó ń bá àwọn olórí Kùráìṣì sọ̀rọ̀; bí Ànọ́bì ti fajú ro; àti bí Súrà Abasa, tí ó jẹ́ Súrà 80, ti sọ̀kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wáàsí máa ń dúró. Abdullah yóò wá di afọ́jú tí wọ́n fajú ro sí, tí Ọlọ́hun sì gbèjà rẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ládàánì ni Abdullah ní Mẹ̀dínà, òun àti Bilal. Nínú oṣù ààwẹ̀, Bilal a máa pèrun nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, àwọn ènìyàn a sì máa jẹ sààrì wọn lọ. Ìpè Abdullah ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbé oúnjẹ sílẹ̀. Òun náà kò ní pè títí wọn yóò fi sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹni tí kò rí ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ìlú ń tẹ́tí sí kí wọ́n lè mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti dé. Àwọn ẹlòmíràn yá a ní ojú, òun sì fún wọn ní ohùn. Yàtọ̀ sí èyí, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí Ànọ́bì lọ sí ìrìn àjò tí ó sì fi í sílẹ̀ ní Mẹ̀dínà láti máa ṣíwájú àwọn ènìyàn nínú ìrun. Abdullah tí ó ń pèrun yìí, tí ó ń ṣe ìmáàmù, ni kò tíì wọ inú eré.

Ọ̀rọ̀ igbá náà tún wà nílẹ̀. Ní 1979, Aminata Sow Fall, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tẹ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde ní èdè Faransé tí ó pè ní *La Grève des bàttu*. Bàttu yìí ni igbá agbe. Nínú ìtàn náà, ìjọba lé àwọn alágbe kúrò ní ìgboro kí àwọn àlejò ilẹ̀ òkèèrè má baà rí wọn. Àwọn alágbe parapọ̀, wọ́n ní àwọn kò gba sàráà mọ́. Ọ̀gá tí ó lé wọn wá ń fẹ́ oyè igbákejì ààrẹ, àfáà rẹ̀ sì ní àfi kí ó pa màlúù, kí ó pín in fún àwọn alágbe. Ó wá wọn káàkiri. Wọn kò dá a lóhùn. Alágbe náà ṣì ni abirùn inú ìwé yìí, èyí sì jẹ́ àléébù díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ronú, wọ́n ń jiyàn, wọ́n mọ iye tí ọwọ́ wọn tó. Afọ́jú wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà.

Ní Nàìjíríà, nǹkan ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní 2014, Túndé Kèlání gbé *Dazzling Mirage* jáde láti inú ìwé Ọláyínká Egbokhare, níbi tí ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti jẹ́ ẹni tí ìtàn dá lé lórí. Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Aki àti Pawpaw, gbòkìkí láti inú *Aki na Ukwa* ní 2002. Àgbà ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n kúrú, ipa ọmọ aláìgbọràn ni fíìmù ń fún wọn ní ọdún dé ọdún. Iṣẹ́ náà mú owó wá fún wọn, ó sì mú oyè MFR wá ní 2011, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó bú wọn nítorí rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ni kí wọ́n bi léèrè ohun tí ó dé tí wọn kò rí ọkọ, agbẹjọ́rò tàbí oníṣòwò nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn adití gan-an ni ó ṣe adití nínú *CODA*. Fíìmù náà gba Oscar tí ó ga jùlọ ní 2022, Troy Kotsur tí ó jẹ́ adití sì gba tirẹ̀.

Òfin ti wà. Èyí tí ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ka fífi ìyà jẹ ènìyàn nítorí àbùkù ara léèwọ̀, ó sì ka lílo abirùn láti fi ṣagbe léèwọ̀ pẹ̀lú. Orúkọ náà ti yí padà: “akàndá ẹ̀dá” ni àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń sọ báyìí dípò “aláàbọ̀ ara”. Ó dára. Ṣùgbọ́n kò ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun láti pe ènìyàn ní akàndá, kí wọ́n sì tún fún un ní igbá mú.

Ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ni eré tí ẹgbẹ́ ń ṣe ní àpèjọ àti nínú oṣù ààwẹ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn afọ́jú, kí ó kọ́kọ́ kà á sí etí afọ́jú, kí ó sì yí ibi tí ó bá ta kò padà. Kí wọ́n wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ọwọ́ àwọn adití, kí ó dúró ní ibi tí wọn yóò ti rí i. Bí ó bá sì jẹ́ arọ ni ìtàn náà nílò, kí wọ́n fi arọ ṣe é, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ó ká ẹsẹ̀ kò. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ni ó jẹ́ pé àkàsọ̀ nìkan ni ó wọ orí pèpéle rẹ̀, kẹ̀kẹ́ arọ kò sì lè gun àkàsọ̀. Kí ìgbìmọ̀ eré tó pín ipa fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n ti pe káfíńtà.