Wọ́n ní Jésù ń bọ̀ lóṣù Kẹrin, wọ́n tún sún un sí Kẹsàn-án: ta ló rí kàlẹ́ńdà ọ̀run?

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, ọdún 2022 ni, ládùúgbò Valentino nílùú Oǹdó. Àwọn ọlọ́pàá ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan, nígbà tí wọ́n máa jáde, èèyàn 77 ni wọ́n kó síta. Ọmọdé 26 wà nínú wọn, ọ̀dọ́langba 8, àgbàlagbà 43. Ohun táwọn ọlọ́pàá sọ fún àwọn oníròyìn ni pé igbákejì pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ló sọ fún ìjọ pé oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni Jésù ń bọ̀ wá kó àwọn èèyàn ẹ̀ lọ. Kẹrin dé, Kẹrin lọ, ẹnikẹ́ni ò rí Jésù. Ni wọ́n bá ní ó ti di Kẹsàn-án. Wọ́n ní ó tún kìlọ̀ fáwọn ọmọ wọ̀nyẹn pé òbí tó bá wà nínú Olúwa nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta ìyá lára gan-an nìyẹn. Ìyá tó bá ní kí ọmọ òun padà wálé, kó lọ síléèwé, wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú Olúwa nìyẹn o.

Ẹ wò ó, èèyàn lè sún ọjọ́ ìnáwó síwájú torí pé aṣọ ẹbí ò tíì kúrò lọ́dọ̀ télọ̀. Ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ Olúwa! Ta ló sún un? Ọdún yẹn náà, lóṣù Kẹrin, ni ariwo kan ti kọ́kọ́ ta l'Ékìtì, ní Ọ̀mùò-Òkè, lórí pásítọ̀ kan tó kó àwọn ọmọ ìjọ ẹ̀ láti Kàdúná wá síbẹ̀, tí wọ́n ní àgọ́ ìgòkè re ọ̀run ni. Ìròyìn tó gba ìlú kan ni pé ₦310,000 lowó tí wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Kí lèèyàn fẹ́ pe ìyẹn, owó ọkọ̀ ọ̀run?

Àwọn onígbàgbọ́ kì í bá ara wọn jà lórí pé Jésù máa padà wá. Bó ṣe máa wá, ìgbà táwọn òkú máa jí, àti ohun tí ẹgbẹ̀rún ọdún inú Ìfihàn orí 20 jẹ́, ibẹ̀ ni ìjà wà. Jòhánù rí i níbẹ̀ pé wọ́n de Sátánì fún ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn kan jí dìde, wọ́n ń bá Kristi jọba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú Sátánì sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ìtẹ́ funfun ńlá tó dé, kí wọ́n tó ṣí àwọn ìwé. Ẹsẹ 15 péré ló wà nínú orí yẹn, àmọ́ ó ti tú ṣọ́ọ̀ṣì ká ju bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń túká lọ.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀rọ̀ náà ṣe tààrà: kàkàkí máa dún, àwọn ayanfẹ́ máa gòkè, ìpọ́njú ńlá ọdún méje máa bẹ̀rẹ̀, kí Jésù tó wá fi ẹgbẹ̀rún ọdún gidi jọba láyé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni pé bí wọ́n ṣe to ètò yìí ò tíì pé igba ọdún dáadáa. John Nelson Darby, ẹni tó ti ṣe àlùfáà Áńgílíkà rí nílẹ̀ Ireland, ló tò ó bẹ́ẹ̀, Bíbélì Scofield tó jáde lọ́dún 1909 ló sì gbé e káyé. Ẹ wá bi Fáda Kátólíìkì tàbí àlùfáà Áńgílíkà, ọ̀pọ̀ wọn á ní ẹgbẹ̀rún ọdún ò ju àpẹẹrẹ lọ, pé ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń wàásù láyé yìí náà ni. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà tó kú lọ́dún 430, ló fẹsẹ̀ ìyẹn múlẹ̀, òun náà sì jẹ́wọ́ pé òun ti gba ẹgbẹ̀rún ọdún gbọ́ lọ́nà kejì rí. Nínú Ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń kà ní Sọ́ńdè, ìdájọ́ alààyè àti òkú wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún ọdún ò sí níbẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n má tíì fi ìyẹn rín Pẹ́ńtíkọ́sì o. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyons ní nǹkan bí ọdún 180, gbà pé orí ilẹ̀ yìí gan-an ni ìjọba yẹn máa wà, ó sì ṣáájú Augustine dáadáa.

Àjíǹde ńkọ́? Ẹni tó bá ka Ìfihàn 20 á rí àjíǹde méjì, ẹgbẹ̀rún ọdún á wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ka Jòhánù orí 5 á rí wákàtí kan ṣoṣo, tí gbogbo ẹni tó wà nínú ibojì máa gbóhùn, ẹni rere àti ẹni burúkú. Bíbélì kan náà ni o.

Ṣùgbọ́n èyí tó kan ará ilé jù ni ti òkú tó ti lọ báyìí. Màmá kú, wọ́n lẹ pósítà mọ́ gbogbo ògiri àdúgbò pé Màmá ti sùn nínú Olúwa. Nísàlẹ̀ pósítà kan náà, wọ́n á tún kọ ọ́ pé Màmá ti wà láyà Ábúráhámù, ó ń bá àwọn áńgẹ́lì kọrin. Ṣé ó sùn ni àbí ó ń kọrin? Ẹlẹ́rìí Jèhófà tó ń kanlẹ̀kùn láàárọ̀ Sátidé á ní kò kọ orin kankan, pé òkú ò mọ nǹkan kan, pé 144,000 ló ń lọ sọ́run, àwọn olóòótọ́ yòókù á jogún ayé. Àwọn Adventist náà gbà pé òkú ń sùn ni, àmọ́ ní tiwọn, ọ̀run làwọn ẹni ìgbàlà á ti lo ẹgbẹ̀rún ọdún, ayé á ṣófo, Sátánì nìkan lá máa rìn gbéregbère kiri níbẹ̀. Fáda á ní kí wọ́n gbàdúrà fún Màmá, torí ibi ìwẹ̀nùmọ́. Gbogbo wọn á jiyàn títí, iyàn ò ní tán. Tó bá wá di oṣù kẹta, tí ìyàwó ilé bí ọmọbìnrin, Yétúndé ni wọ́n á sọ ọ́, kò sì sí pásítọ̀ tó máa bá wọn jà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Àwọn oníwàásù ibùdókọ̀ náà tún ń da nǹkan méjì pọ̀. Ìfihàn 20 ní wọ́n máa ju ikú àti ipò òkú fúnra ẹ̀ sínú adágún iná. Tí ipò òkú bá jẹ́ ọ̀run àpáàdì bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ju iná sínú iná nìyẹn.

Àwọn tó ń dá ọjọ́ ló burú jù. William Miller, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ New York, sọ ọjọ́ 2,300 inú ìwé Dáníẹ́lì orí 8 di ọdún, ó kà á láti ọdún 457 ṣáájú ìbí Jésù, ó já sí nǹkan bí 1843. Nígbà tíyẹn kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ mú ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 1844. Àwọn míì ò tiẹ̀ kórè oko wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ 23 mọ́, ebi ń pa wọ́n. Harold Camping, oníwàásù orí rédíò l'Ámẹ́ríkà, dá 21 oṣù Karùn-ún, 2011, ó tún sún un sí oṣù Kẹwàá. Òun alára kú lọ́dún 2013. L'Ékòó ńbí, Emmanuel Odumosu tí wọ́n ń pè ní Jésù Òyìngbò ò tiẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu pé òun ń dá ọjọ́, ó ní òun gan-an ni Jésù tó padà wá. Ó kú lọ́dún 1988, ìjà ogún ló gbẹ̀yìn ẹ̀.

Àwọn yẹn ṣì ṣe é rín. Ti Kanungu ní Uganda ò ṣe é rín. Àwọn aṣáájú ìjọ kan ti ní ayé máa parẹ́ bí ọdún 1999 bá ń parí, kò parẹ́, ó sì di ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2000, ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn jóná sínú ilé ìjọsìn wọn. Lọ́dún 2023, nínú igbó Shakahola ní Kenya, òkú tó lé ní 400 ni wọ́n hú jáde. Wọ́n ti ní kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè tètè rí Jésù. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Ẹ ò wá rí i pé àwọn tó pariwo l'Óǹdó ò ṣàṣejù?

Nígbà ayé Pọ́ọ̀lù pàápàá, àwọn kan ti lọ dẹ́rù ba ará Tẹsalóníkà pé ọjọ́ Olúwa ti dé. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fara balẹ̀, nínú lẹ́tà yẹn náà ló ti sọ fáwọn tí kò ṣiṣẹ́ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Nínú Máàkù orí 13, Jésù fúnra ẹ̀ ní òun Ọmọ ò mọ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ bí ọlọ́pàá ṣe sọ ọ́ ló rí, a jẹ́ pé ohun tí Ọmọ ò mọ̀, igbákejì pásítọ̀ kan mọ̀ ọ́n l'Óǹdó, ó tiẹ̀ tún mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 yẹn dé, ó pé ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé bó ṣe máa ń pé. Àwọn ọmọ iléèwé gbé báàgì wọn kọ́ èjìká.