Títà Kọ́ Ni Oògùn Rélùwéè

Níbikíbi tí ọ̀rọ̀ rélùwéè Nàìjíríà bá ti ṣẹ́ yọ, ìdájọ́ kan náà ni wọ́n máa ń dá: “Ìjọba ò mọ òwò ṣe. Kí wọ́n tà á fún aládàáni, ẹ ó rí i bí yóò ṣe máa sáré.” Awakọ̀ ń sọ ọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe yìí sì ti pa èèyàn rí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò. Òfin ọdún 1993 já rélùwéè ìjọba sí wẹ́wẹ́. Ojú irin bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Railtrack, tí wọ́n ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní 1996. Àwọn kan ń wa ọkọ̀, àwọn mìíràn ló ni ọkọ̀ tí wọ́n ń fi yá wọn, agbaṣẹ́ṣe ló sì ń tún irin ṣe.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹwàá, ọdún 2000, ọkọ̀ kan gbéra ní London, ó ń lọ sí Leeds. Ó ń sá eré tó lé ní máìlì 110 láàárín wákàtí kan nítòsí Hatfield nígbà tí irin fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé irin ọ̀hún kán sí méjì o, ó rún sí wẹ́wẹ́ tó lé ní 300. Èèyàn mẹ́rin kú. Ohun tó ń dunni jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ti rí i pé irin náà sán, wọ́n ti pinnu láti pààrọ̀ rẹ̀, irin tuntun sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tẹ́ ẹ. Railtrack ń wojú agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe ń wojú Railtrack. Ìgbà yẹn ló tó hàn pé Railtrack ò ní àkọsílẹ̀ tó péye nípa irin tirẹ̀, kò mọ ibòmíràn tó ti sán. Ó bá pàṣẹ kí ọkọ̀ máa rọra rìn níbi tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ìrìnnà sì dojú rú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí ọdún kan ó tó pé, Railtrack ò lè dá dúró mọ́. Network Rail, tí kì í pín èrè fún ẹnikẹ́ni, ló gba irin náà ní 2002.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn títà á ní èrò ọkọ̀ pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n tà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń kó sí i náà ò dín kù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Wọ́n sì ti ń gba iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ padà sọ́wọ́ ìjọba.

Japan ńkọ́? Ní 1987 wọ́n pín rélùwéè ìjọba wọn ní ẹkùn-ẹkùn, ó sì dára. Àmọ́ iléeṣẹ́ tó ń wa ọkọ̀ èrò ní ẹkùn kan náà ló sábà máa ń ni irin ibẹ̀. Bí irin bá sán, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ẹlòmíràn. Ní ẹkùn Hokkaido tí èèyàn ò ti pọ̀, ọwọ́ ìjọba ni gbogbo ìpín iléeṣẹ́ náà ṣì wà.

Tiwa wá ńkọ́? Òfin 1955 ló gbé Nigerian Railway Corporation kalẹ̀: òun ló ni irin, òun ló ń wa ọkọ̀, òun náà ló ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà wà. Ní 1979, ìjọba gbé àkóso rẹ̀ fún RITES láti Íńdíà fún ọdún mẹ́ta. Ọkọ̀ rìn, ẹrù pọ̀ sí i. Iléeṣẹ́ ìjọba Íńdíà sì ni RITES o, kì í ṣe ti aládàáni! Nígbà tí wọ́n lọ, bí òfin ṣe wà náà ló wà, iṣẹ́ sì tún wó lulẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó kọ́kọ́ fi òfin tuntun hàn wá: èyí tó sọ ẹni tí yóò dáhùn bí irin bá sán, tó dá àjọ kan sílẹ̀ tí kò sí lábẹ́ mínísítà, tó lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, tó sì pàṣẹ pé kí àkọsílẹ̀ ipò gbogbo irin, láti Èkó dé Kánò, wà níta gbangba. Bí kò bá sí èyí, kí àwọn aṣòfin wa má fọwọ́ sí títà kankan.